Èèrí Yuréníọ́mù: Ohun Tí Ọlọ Kò Gbé Lọ

Ẹni tó bá ti wo fíìmù kọ́bọ́ọ̀ì àtijọ́ rí yóò dá Monument Valley mọ̀ lójú, bí kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lórúkọ. Aṣálẹ̀ ni, níbi tí àwọn òpó òkúta pupa ti dúró gbagidi bí ẹni pé òmìrán kan ló rì wọ́n mọ́lẹ̀, tí ẹṣin ń sáré kọjá níwájú wọn, tí eruku ń sọ lálá. John Ford ló gbé kámẹ́rà lọ síbẹ̀ fún fíìmù Stagecoach tó jáde ní ọdún 1939. Ilẹ̀ àwọn Navajo nibẹ̀, àwọn tí wọ́n ń pe ara wọn ní Diné, ní ààlà ìpínlẹ̀ Arizona àti Utah ní Amẹ́ríkà. Kò jìnnà sí àwọn òpó náà ni àfonífojì kan wà tí òkìkí rẹ̀ kò kàn bíi tiwọn. Cane Valley lorúkọ rẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1943 ni wọ́n ti ń wa òkúta aláwọ̀ ìyeyè kan jáde níbẹ̀. Àwọn Diné ní orúkọ tí wọ́n ń pè é: leetso, ìyẹn erùpẹ̀ oníyeyè.

Kì í ṣe yuréníọ́mù ni wọ́n kọ́kọ́ wá débẹ̀. Fanádíọ́mù ni, èyí tí wọ́n máa ń pò mọ́ irin kí irin náà lè le sí i. Ogun àgbáyé kejì ń jà lọ́wọ́, ọkọ̀ ogun àti ìbọn sì ń fẹ́ irin líle. Inú òkúta kan náà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní kánótáìtì, ni fanádíọ́mù àti yuréníọ́mù jọ ń gbé. Àwọn ilé ọlọ agbègbè Colorado a yọ fanádíọ́mù, wọn a sì da ìyókù sí ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí iṣẹ́ àṣírí bọ́ǹbù átọ́ọ̀mù, èyí tí wọ́n fún ní orúkọ Manhattan Project, bẹ̀rẹ̀, àwọn aláṣẹ padà sórí òkìtì ìdànù wọ̀nyẹn, wọ́n sì yọ yuréníọ́mù inú wọn. Ohun tí wọ́n ti sọ nù di ohun ìjà. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ọ̀rọ̀ èèrí ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú orí yìí.

Ẹni tó ti ṣe ògì rí mọ èèrí dáadáa. A ó rẹ àgbàdo, a ó lọ̀ ọ́, a ó fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Ògì á wọ inú ìkòkò lọ, èèrí á dúró sórí asẹ́. Nídìí ògì, èèrí kì í pọ̀, ẹran ọ̀sìn á sì jẹ ẹ́. Nídìí yuréníọ́mù, òdìkejì ni. Ní Colorado àti àyíká rẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, òkúta tí yuréníọ́mù inú rẹ̀ kò ju ìdá méjì lọ nínú ẹgbẹ̀rún ṣì jẹ́ ọjà gidi tí ènìyàn lè fi owó rẹ̀ kọ́lé. Bí a bá lọ tọ́ọ̀nù kan irú òkúta bẹ́ẹ̀, a ó rí nǹkan bíi kìlógíráàmù méjì mú. Ìyókù tó lé ní kìlógíráàmù 990, èèrí ni.

Bó bá jẹ́ pé yanrìn lásán ni èèrí náà, kò bá tí sí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n yuréníọ́mù kì í dá gbé nínú òkúta. Martin Klaproth, onímọ̀ ará Jámánì, ló ṣàwárí rẹ̀ ní ọdún 1789, ó sì fi orúkọ pílánẹ́ẹ̀tì Uranus tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí lójú ọ̀run sọ ọ́. Ohun tí Klaproth kò lè mọ̀ nígbà náà ni pé bí ọdún ti ń gorí ọdún, yuréníọ́mù ń di nǹkan mìíràn, díẹ̀díẹ̀. Yóò gba nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ ọdún kí ìdajì rẹ̀ tó yí padà. Bó ti ń yí padà ló ń bímọ: ó ń bí tóríọ́mù, tóríọ́mù ń bí rédíọ́mù, rédíọ́mù ń bí rédọ́ọ̀nù tó jẹ́ afẹ́fẹ́, rédọ́ọ̀nù ń bí polóníọ́mù, títí ìdílé náà yóò fi dé orí òjé, tí kì í yí padà mọ́. Ìdílé yìí látòkèdélẹ̀ ló jọ ń gbé inú òkúta kan náà láti ọjọ́ pípẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ń ju ìtànṣán síta.

Baba ni ilé ọlọ ń fẹ́. Àwọn ọmọ kò wúlò fún un, inú èèrí ló ń fi wọ́n sílẹ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí nǹkan bí ìdá márùndínláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìtànṣán tó wà nínú òkúta náà fi ń ṣẹ́kù sínú èèrí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé yuréníọ́mù lọ tán. Rédíọ́mù inú rẹ̀ nílò ọdún 1,600 kí ìdajì rẹ̀ tó lọ. Tóríọ́mù tó ń bí rédíọ́mù náà nílò nǹkan bí ọdún 75,000.

Marie Curie fi ọwọ́ ara rẹ̀ rí i pé bẹ́ẹ̀ ni. Ní ìlú Jáchymov, tó wà lórílẹ̀-èdè Czech lónìí, wọ́n ń wa òkúta yuréníọ́mù láti fi pa gíláàsì láró. Wọ́n ń da èèrí rẹ̀ sínú igbó tó wà nítòsí. Curie ti ṣàkíyèsí ní ọdún 1898 pé ìtànṣán òkúta náà pọ̀ ju èyí tí yuréníọ́mù inú rẹ̀ nìkan lè mú wá. Nítorí náà, kò béèrè fún yuréníọ́mù. Èèrí ló béèrè fún, wọ́n sì dì í ní àpò ránṣẹ́ sí i ní Paris. Lẹ́yìn tí òun àti ọkọ rẹ̀, Pierre, ti da ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù rú nínú ìkòkò, ìdá kan nínú mẹ́wàá gíráàmù iyọ̀ rédíọ́mù ló tó wọn lọ́wọ́ ní ọdún 1902. Ẹ̀bùn Nobel ni wọ́n gbà nídìí ohun tí àwọn ará Jáchymov sọ sínú igbó.

Lẹ́yìn ogun, ìjọba Amẹ́ríkà fẹ́ yuréníọ́mù lójú méjèèjì. Àjọ tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún ọ̀rọ̀ átọ́ọ̀mù, Atomic Energy Commission, ni oníbàárà kan ṣoṣo tí òfin gbà pé kó ra ọjà náà, òun náà ló sì ń dá iye owó rẹ̀. Àjọ náà ṣèlérí ẹ̀bùn 10,000 dọ́là fún ẹni tó bá rí ibi tuntun tí òkúta ibẹ̀ dára gan-an. Ìròyìn yìí tú ènìyàn jáde nílé: àgbẹ̀, akọ̀wé, awakọ̀, olùkọ́. Charles Steen, tí ìṣẹ́ ti ń bá fínra, gbẹ́lẹ̀ lẹ́bàá Moab ní ìpínlẹ̀ Utah ní ọdún 1952, ó kan òkúta tó sọ ọ́ di olówó, ó sì pe ibẹ̀ ní Mi Vida. Ọdún méjì ṣáájú ìyẹn, Paddy Martinez, ará Navajo kan tó ń sin àgùntàn, mú òkúta ìyeyè kan wá láti Haystack nítòsí Grants ní ìpínlẹ̀ New Mexico, láti ibẹ̀ sì ni ọ̀kan lára agbègbè ìwakùsà yuréníọ́mù tó tóbi jù lọ ní Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀.

Irú Steen kò wọ́pọ̀. Ohun tó wọ́pọ̀ ni kòtò kékeré tí ẹni méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin ń gbẹ́ wọ ẹ̀gbẹ́ òkè lọ. Àwọn awakùsà náà ń pè é ní ihò ajá, nítorí pé ìbẹ̀rẹ̀ ni ènìyàn fi ń wọ̀ ọ́. Wọn a lu ihò sára àpáta, wọn a ki ohun abúgbàù sí i, wọn a yìn ín. Kí èéfín tó lọ tán, ẹnì kan á ti padà wọlé pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti báàrò. Ọkọ̀ akẹ́rù á gbé òkúta náà gba ọ̀nà eléruku lọ sí ibùdó ìrajà ìjọba. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti wọ̀n ọ́n, wọn yóò bu díẹ̀ nínú rẹ̀, wọn yóò lọ̀ ọ́ kúnná, wọn yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n lè mọ ìdá yuréníọ́mù inú rẹ̀. Orí ìdá yẹn ni owó dúró lé. Òkúta tí tirẹ̀ kò bá tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún kò wọ inú ìwé iye owó. Ibi tí onítọ̀hún bá ti gbẹ́ ẹ ló ń fi í sílẹ̀ sí, lẹ́nu kòtò.

Ìyẹn ni èèrí àkọ́kọ́, kó tó di pé ọlọ fọwọ́ kan ohunkóhun.

Nílé ọlọ, iṣẹ́ náà kò ṣàjèjì sí ẹni tó mọ iṣẹ́ àwọn aláró. Ìyá aláró ní Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo a gbé ìkòkò tó ní ihò nídìí lé orí ìkòkò mìíràn, á ki eérú sínú ti òkè, á da omi lé e. Omi náà á rọra wọ inú eérú kọjá, á fa agbára inú rẹ̀ jáde, á sì máa kán tótó sínú ìkòkò ìsàlẹ̀. Omi yẹn ni wọ́n ń wá. Kì í ṣe eérú tó ṣẹ́kù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti yuréníọ́mù. Wọ́n á fọ́ òkúta, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná bí yanrìn, wọ́n á fi omi olóró fà á. Ásíìdì ni omi náà lọ́pọ̀ ìgbà. Àmọ́ bí òkúta ẹfun bá pọ̀ nínú rẹ̀, tí yóò máa mu ásíìdì náà ní àmuyó, wọ́n á lo omi oníyọ̀ ìdílé sódà dípò rẹ̀. Yuréníọ́mù á yọ́ wọ inú omi, wọ́n á ya omi sọ́tọ̀ kúrò lára yanrìn, wọ́n á mú kí yuréníọ́mù silẹ̀, wọ́n á yan án gbẹ. Ohun tó bá jáde ni ìyẹ̀fun kan tó sábà máa ń jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè, èyí tí wọ́n ń rọ sínú àgbá irin tí wọ́n ń kó lọ sí ibi tó jìnnà. Yanrìn àti omi olóró kò lọ síbì kankan.

Irú ilé ọlọ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ owó ńlá, omi púpọ̀ àti iná. Ibi tí kò ti sí, ọ̀nà ẹ̀bùrú ni wọ́n ń gbà. Cane Valley jẹ́ àpẹẹrẹ rẹ̀. Láti ọdún 1955 dé 1964, wọn kò lo oògùn kankan níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ Vanadium Corporation of America gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ tó ń fọ́ òkúta, tó sì ń ya èyí tó kúnná kúrò lára èyí tó rí wóró-wóró, nítorí pé èyí tó kúnná ni yuréníọ́mù pọ̀ sí jù. Wọ́n ń kó èyí tó kúnná lọ sí ilé ọlọ ńlá níbòmíràn kí owó ọkọ̀ lè dín kù, wọ́n sì ń kó oníwóró jọ síbẹ̀. Ní ọdún 1964 wọ́n padà sórí ohun tí wọ́n ti kó jọ yẹn. Fún ọdún mẹ́rin, wọ́n ń tẹ́ ẹ ní òkìtì, wọ́n ń da omi olóró lé e, wọ́n sì ń gba ohun tó bá kán sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyá aláró. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ márùn-ún tọ́ọ̀nù ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ìkòkò ìsàlẹ̀ ìyá aláró kì í jò. Òkìtì Cane Valley ń jò wọ ilẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n kó ẹrù wọn ní ọdún 1968, wọ́n fi òkìtì náà sílẹ̀ láìbò ó, àwọn ará àfonífojì sì ń bá ìgbésí ayé wọn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kí a tó sọ ohun tí òkìtì ṣe, ó yẹ kí a padà wọ inú kòtò, nítorí ibẹ̀ ni ikú kọ́kọ́ ti dé. Rédọ́ọ̀nù kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ó ń jáde láti ara àpáta, ó sì ń kún inú ihò tí afẹ́fẹ́ kò ti ráyè wọlé. Ọjọ́ mẹ́rin kì í pé kí ìdajì rẹ̀ tó di nǹkan mìíràn, àwọn ọmọ rẹ̀ ló sì burú jù: wọ́n ń lẹ̀ mọ́ eruku, eruku ń bá èémí wọlé, wọ́n sì ń ju ìtànṣán wọn sí ara ẹ̀dọ̀fóró láti inú lọ́hùn-ún. Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní Schneeberg ní Jámánì, ó ti pẹ́ tí àwọn awakùsà ti ń kú nítorí àrùn àyà tí wọ́n fi orúkọ òkè pè. Ní ọdún 1879, oníṣègùn méjì, Härting àti Hesse, yẹ òkú wọn wò, wọ́n sì fi hàn pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló ń pa wọ́n.

Nítorí náà, nígbà tí àjọ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, Public Health Service, bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn awakùsà yuréníọ́mù wò ní ọdún 1950, ohun tí wọ́n ń wá kò ṣókùnkùn sí wọn. Wọ́n ń wọn afẹ́fẹ́ inú kòtò, wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n ń ya fọ́tò àyà. Wọn kò sọ fún àwọn awakùsà pé iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lè pa wọ́n. Àwọn ilé iṣẹ́ kò ní jẹ́ kí wọ́n wọ inú kòtò bí wọ́n bá máa sọ ọ́, wọ́n sì gbà bẹ́ẹ̀. Duncan Holaday, ọ̀kan lára àwọn onímọ̀ náà, ké gbàjarè fún ọ̀pọ̀ ọdún pé kí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú kòtò. Ohun tó ń béèrè kò le: fáànù àti páìpù ni. Ọdún 1967 ni Willard Wirtz, mínísítà fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, tó fi àṣẹ ìjọba àpapọ̀ dá ìwọ̀n lé rédọ́ọ̀nù inú kòtò. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló wà láàárín ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò àti ìgbà tí wọ́n ṣe òfin. Kò sí àwáwí kankan tó lè gba irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ là.

Àwọn tó wà nílé ọlọ kò bọ́ nínú ewu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé afẹ́fẹ́ wà lọ́dọ̀ wọn. Ibi ìfọ́kúta àti ibi tí wọ́n ti ń rọ ìyẹ̀fun sínú àgbá ni eruku ti ń pọ̀ jù. Yuréníọ́mù fúnra rẹ̀, yàtọ̀ sí ìtànṣán rẹ̀, jẹ́ májèlé fún kíndìnrín, gẹ́gẹ́ bí òjé ti jẹ́ májèlé fún ọpọlọ. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sọ pé kó má ju máíkírógíráàmù 30 lọ nínú lítà omi mímu kan. Àwọn òṣìṣẹ́ a sì tún gbé eruku náà wọ aṣọ lọ sílé, ìyàwó á fọ aṣọ náà pọ̀ mọ́ ti ọmọ.

Kò sí ọmọ Nàìjíríà tó rántí ọ̀rọ̀ Zamfara tí èyí máa ṣàjèjì sí. Ní ọdún 2010, àwọn ará abúlé tó ń wa wúrà níbẹ̀ ń lọ òkúta rẹ̀ nínú agboolé, òmíràn pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ọkà. Òjé ló kún inú òkúta náà. Ó lé ní irinwó ọmọdé tó kú. Kì í ṣe yuréníọ́mù, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni májèlé méjèèjì gbà wọlé: iṣẹ́ kékeré, ọlọ tí kò jìnnà sí ibi tí ọmọ ń ràkò, àti èèrí tí kò sẹ́ni tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó bẹ̀rù rẹ̀.

Nílẹ̀ Navajo, èèrí wọ inú ilé. Òkúta tó ṣẹ́kù lẹ́nu kòtò gún régé, ó sì dára fún ògiri. Yanrìn ilé ọlọ kúnná, ó dára láti pò mọ́ sìmẹ́ǹtì fún ilẹ̀ ilé. Àwọn ènìyàn fi kọ́lé, wọ́n sùn sínú rẹ̀, wọ́n bímọ sínú rẹ̀. Kì í ṣe àwọn Navajo nìkan ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Grand Junction ní ìpínlẹ̀ Colorado, wọ́n fi yanrìn ilé ọlọ kún ìpìlẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé kí wọ́n tó dá a dúró ní ọdún 1966. Àwọn kòtò tí wọ́n fi sílẹ̀ láìdí gba omi òjò, àgùntàn ń mu ún, ọmọ tó ń da àgùntàn náà ń mu ún.

Ní àárọ̀ kùtù ọjọ́ 16 oṣù keje ọdún 1979, ògiri tó sé adágún èèrí ilé ọlọ United Nuclear mọ́ ní Church Rock, ní New Mexico, ya. Mílíọ̀nù 94 gálọ́ọ̀nù omi olóró àti èèrí líle tó lé ní ẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù rọ́ wọ odò Puerco, odò tí àwọn Navajo fi ń fún ẹran lómi. Kò tíì pé oṣù mẹ́rin sígbà náà tí ìjàǹbá ilé iná átọ́ọ̀mù Three Mile Island ṣẹlẹ̀ ní Pennsylvania, tí ìwé ìròyìn gbogbo ayé kọ nípa rẹ̀. Ìtànṣán tó tú jáde ní Church Rock ju ti ibẹ̀ lọ. Àwọn tó mọ orúkọ Church Rock lónìí kò pọ̀.

Ní ọdún 1990, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin pé kí wọ́n san 100,000 dọ́là fún awakùsà yuréníọ́mù tí àrùn ẹ̀dọ̀fóró bá mú, tàbí fún àwọn tó jogún rẹ̀. Ó gba ọdún mẹ́wàá sí i kí wọ́n tó ka àwọn òṣìṣẹ́ ilé ọlọ àti awakọ̀ akẹ́rù mọ́ ọn. Òfin náà kú ní ọdún 2024. Wọ́n tún un gbé dìde ní oṣù keje ọdún 2025. Àwọn Navajo kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 2005, ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn fi òfin de wíwa yuréníọ́mù àti lílọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ wọn. Nígbà náà, wọ́n ti wa nǹkan bí ọgbọ̀n mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù òkúta jáde níbẹ̀ láàárín ọdún 1944 sí 1986, kòtò tó lé ní 500 ni àwọn tó gbẹ́ wọn sì pa tì.

Ní ti Cane Valley, ọkọ̀ akẹ́rù ló kó òkìtì náà lọ sí Mexican Hat ní Utah, wọ́n sì parí rẹ̀ ní ọdún 1994. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, wọ́n fi amọ̀ àti òkúta ńlá bò ó. Omi abẹ́ ilẹ̀ ni kò ṣeé kó sínú ọkọ̀. Àwọn tí ìjọba rán síbẹ̀ gbin àwọn igi kúkúrú ilẹ̀ náà tí gbòǹgbò wọn ń lọ jìnnà, kí wọ́n lè máa mu omi olóró náà díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ àwọn kànga tóóró tí wọ́n fi ń yẹ omi náà wò. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí ẹrù yuréníọ́mù tí wọ́n tà kẹ́yìn ti kúrò ní àfonífojì náà. Ẹnikẹ́ni kò tíì lè mu nínú omi abẹ́ òkìtì yẹn.